Bí Aago Àpò Ológun Ṣe Ń Di Aago Ọwọ́

Aago àpò tí a sọ di aago ọwọ́ ni aago tí ẹ̀rọ inú rẹ̀, àti lọ́pọ̀ ìgbà ojú rẹ̀ pẹ̀lú, ti wà nínú aago àpò kan rí, tí alátùn-únṣe yọ ọ́ kúrò nínú ilé rẹ̀ àtijọ́, tí ó fọ̀ ọ́, tí ó tún un ṣe, tí ó sì gbé e sínú ilé tuntun tí ó ní etí tí okùn ń gbà kọjá. Kì í ṣe aago tuntun tí wọ́n ṣe kí ó jọ ti àtijọ́. Tí aago náà bá jẹ́ ti ológun, ohun tí ó gbé owó rẹ̀ ga ju ti aago lásán lọ ni ẹ̀rí pé ìjọba kan ni ó rà á fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ wádìí ni ibi tí ẹ̀rí yẹn wà: ṣé ara ẹ̀rọ ni, àbí ara ilé tí wọ́n bọ́ sílẹ̀?

Àwọn ológun fúnra wọn ti ń gbé aago àpò sọ́rùn ọwọ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ tó dé. Nígbà ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfíríkà láàárín 1899 sí 1902, àwọn ọ̀gágun kan máa ń fi aago àpò wọn sínú ife awọ kékeré tí a rán mọ́ okùn, nítorí pé ẹni tí ó di ìjánu ẹṣin tàbí ìbọn mú kò ráyè tọwọ́ bọ àpò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, aago àpò kéékèèké tí wọ́n jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá ti wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Ní Ítálì, láàárín 1930 sí 1939, ilé iṣẹ́ Panerai ti ìlú Florence gba aago lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Rolex fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 47, ẹ̀rọ aago àpò tí Cortebert, ilé iṣẹ́ aago ní Switzerland, ṣe ni ó sì wà nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe irú ìyípadà tí mò ń ṣàlàyé, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà sínú aago ọwọ́. Mo mẹ́nu bà á kí ẹni tí ó bá rí aago ogun tí ó tóbi má baà rò pé wọ́n ti yí i padà.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ tí mo mọ̀ ni Hamilton 4992B, tí ilé iṣẹ́ Hamilton ní ìlú Lancaster, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ṣe fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn atọ́nà inú ọkọ̀ òfurufú ni ó wà fún, àwọn tí ń wo oòrùn àti ìràwọ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí ọkọ̀ dé lórí òkun. Iṣẹ́ yìí kò gba àṣìṣe rárá: bí aago bá fi ìṣẹ́jú àáyá 4 péré yẹ̀, tí ọkọ̀ sì wà nítòsí agbedeméjì ayé, ibi tí atọ́nà rò pé òun wà yóò fi máìlì ojú òkun kan yàtọ̀ sí ibi tí ó wà gan-an. Ojú aago náà dúdú, nọ́ńbà funfun ara rẹ̀ ka wákàtí 24 dípò 12, wọ́n sì kọ lẹ́tà GCT sí i láti fi hàn pé àkókò Greenwich ni a fi sí. Ọwọ́ tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá wà ní àárín gbùngbùn, ó sì máa ń dúró bí a bá fa bọ́tìnnì tí a fi ń wáìnì aago jáde, kí atọ́nà lè mú un bá aago mìíràn dọ́gba. Òkúta rúbì 22, tí kì í jẹ́ kí irin tí ń yí tètè jẹ, ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà irú rẹ̀ àti àmì ohun ìní ìjọba sì wà lára irin ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí lójú tèmi, nítorí pé bí wọ́n tilẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà àti ojú rẹ̀ sínú ilé mìíràn, wọ́n ṣì ń sọ irú ohun tí wọ́n jẹ́.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ìdènà púpọ̀, ìbú sì ni àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ìwọ̀n 16, tí 4992B wà lára wọn, jẹ́ ínǹṣì 1.7, èyí tí ó lé díẹ̀ ní mílímítà 43, kí á tó ka irin ilé tí yóò yí i ká. Ẹ̀rọ Molnija 3602 tí wọ́n ṣe ní ìlú Chelyabinsk ní ilẹ̀ Sófíẹ̀tì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi mílímítà 36, kò sì wọ́n, nítorí náà ó pọ̀ nínú àwọn aago tí a yí padà. Àwọn tí ń rà á ní láti ṣọ́ra, nítorí pé ọ̀pọ̀ ojú aago tí ó ní àmì ológun lórí irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Ìdènà tí kì í tètè hàn sí ojú ni ibi tí bọ́tìnnì wà. Nínú aago àpò tí kò ní ìdérí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ aago ń pè ní Lépine, bọ́tìnnì wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 12, ojú kékeré tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá sì wà ní 6. Nínú aago onídèérí, tí wọ́n ń pè ní savonnette, bọ́tìnnì wà ní 3, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára aago ọwọ́ òde òní. Bí a bá wá yí ẹ̀rọ Lépine kí bọ́tìnnì rẹ̀ lè wà ní 3, ojú kékeré náà yóò bọ́ sí 9, ojú aago àtijọ́ kò sì ní bá a mu mọ́, nítorí pé gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ yóò dojú kọ ẹ̀gbẹ́. Àwọn kan a pààrọ̀ ojú náà, tí ìdajì ìtàn aago náà sì ń bá ojú àtijọ́ lọ. Àwọn mìíràn a fi bọ́tìnnì sílẹ̀ ní 12, tí ojú àtijọ́ sì dúró. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fara mọ́, bí kò tilẹ̀ mọ́ni lójú. Ó tún ku ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí bọ́tìnnì ń yí: nínú ọ̀pọ̀ aago àpò Amẹ́ríkà, ilé aago ni ó di ọ̀pá yìí mú, kì í ṣe ẹ̀rọ, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ilé tuntun gbọ́dọ̀ tún gbogbo ètò yẹn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí aago tó lè ṣeé wáìnì kí ó sì ṣeé tò.

Lẹ́yìn náà ni ìgbé ayé ọrùn ọwọ́. Inú àpò, aago sábà máa ń wà ní òró, kì í sì í gbọ̀n púpọ̀. Ọwọ́ ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì ń gbá ilẹ̀kùn àti tábìlì. Kẹ̀kẹ́ tí ń lọ tí ń bọ̀ láti pín àkókò dúró lórí irin kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, bí aago bá sì já bọ́, ibẹ̀ ni ó ń ṣẹ́. Láàárín 1930 sí 1939 ni àwọn ará Switzerland gbé Incabloc jáde, sípíríǹgì kékeré tí ń gba irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ aago àpò kò ní in. Ilé tuntun lè dènà omi; kò lè fi ohun tí kò sí nínú ẹ̀rọ sí i. Ẹni tí ó bá so irú aago yìí mọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi gbá bọ́ọ̀lù tàbí fi la igi.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú aago ológun ní ọ̀dà radium tí ó máa ń tàn lókùnkùn. Bí ọ̀dà náà kò bá tàn mọ́, ohun tí radium ń mú tàn ni ó ti gbó. Radium fúnra rẹ̀ ṣì ń ta ìtànṣán, nítorí pé ó gba nǹkan bí ọdún 1,600 kí ìdajì rẹ̀ tó tán. Eruku rẹ̀ ni ó léwu jù, bí ènìyàn bá fà á símú tàbí gbé e mì, àwọn kan lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ń fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà yìí tẹ́ẹ́rẹ́ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1917 sì kú nítorí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí irú aago bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ.

Ní ti òfin, ẹjọ́ kan wà tí ó la ọ̀nà. Hamilton pe Vortic, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Fort Collins, ní ìpínlẹ̀ Colorado, lẹ́jọ́ nítorí aago ọwọ́ kan tí ó pè ní The Lancaster, tí ó fi ẹ̀rọ, ojú àti ọwọ́ aago àpò Hamilton ṣe. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ní New York fara mọ́ ìdájọ́ tí ó dá Vortic láre, nítorí pé kò sí ohun tí ó lè mú kí olùrà rò pé Hamilton ni ó ṣe aago ọwọ́ náà: Vortic sọ nínú ìpolówó rẹ̀ pé ẹ̀rọ àtijọ́ ni òun tún ṣe, orúkọ rẹ̀ sì wà lára òrùka irin tí ó yí ẹ̀yìn aago ká. Ìdájọ́ yìí tọ́ lójú mi. Ẹni tí ó bá ń ta aago tí a yí padà ní láti sọ èyí tí ó jẹ́ àtijọ́, èyí tí wọ́n pààrọ̀, àti orúkọ ẹni tí ó ṣe ilé rẹ̀.

Gbogbo aago ológun kọ́ ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Àwọn tí ń yí aago padà sábà máa ń sọ pé àwọn ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìparun, èyí sì jẹ́ òtítọ́ fún ọ̀pọ̀ aago àpò ará ìlú, nítorí pé wọ́n ti yọ́ wúrà ilé wọn tà, tí ẹ̀rọ sì ku lásán. Aago tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Irin lásán tí wọ́n fi kíróòmù tàbí níkẹ́ẹ̀lì bò ni ilé rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò yọ́ ọ tà, ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an ni wọ́n sì fín àmì ọfà ohun ìní ìjọba, lẹ́tà G.S.T.P. tí àwọn ológun fi ń dá irú aago yìí mọ̀, àti nọ́ńbà aago sí. Bí a bá yọ ẹ̀rọ kúrò nínú rẹ̀, ohun tí yóò wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ra aago ọwọ́ náà kò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ aago tí wọ́n tà fún ará ìlú. Bí irú aago bẹ́ẹ̀ bá ṣì pé, kí á fi í sílẹ̀ bí ó ti rí. Bí wọ́n bá sì ti yí i padà kí ó tó dé ọwọ́ wa, kí á béèrè ilé àtijọ́ náà lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, kí á sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ aago ọwọ́ náà.