Third party kì í ṣe ìwé ọlọ́pàá lásán

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò kúrò lẹ́nu àwọn onímọ́tò ní Adó-Èkìtì yìí, láti ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ Fájuyì títí dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní ọkọ̀ tara wọn: pé owó ọlọ́pàá lásán ni íńṣọ́ránsì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní third party. Wọ́n ní ojú pópó nìkan ló ti wúlò, pé kò sẹ́ni tó rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, torí owó gidi ni àwọn èèyàn ń pàdánù nítorí rẹ̀.

Pé òfin sọ ọ́ di dandan, gbogbo wa la mọ̀. Láti 1945 ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Òfin íńṣọ́ránsì 2003 tún un tẹnu mọ́, èyí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 kò sì mú un kúrò. Láti oṣù kìn-ín-ní 2023, ₦15,000 lọ́dún ni ti ọkọ̀ tara ẹni, kẹ̀kẹ́ Márúwá ₦5,000, ọ̀kadà ₦3,000. Nígbà tí ọlọ́pàá wá ní àwọn á máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú pópó láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì 2025, àfi bíi pé wọ́n tún fi kún ìgbàgbọ́ òdì náà ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé owó third party kò sí fún ẹni tó rà á. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ kọ lù ló wà fún. Tí ẹ bá fi ọkọ̀ yín gbá ìsọ̀ ẹnìkan wó ní Bàṣírì, ilé-iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún ló máa san owó ìsọ̀ náà, títí dé ₦3 mílíọ̀nù fún ọkọ̀ tara ẹni. Tí èèyàn bá fara pa, tàbí tí ẹ̀mí bá lọ sí i, kò sí gbèdéke lórí iye tí wọ́n lè san. Ṣùgbọ́n bọ́ńpà tiyín tó fọ́, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe. Nítorí náà, ẹni tó wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ forí sọ igi, tí ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì ní kò sí owó fún un, wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tí kò rà ló ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá yí i padà, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ wà. Tí ẹlòmíì bá kọ lù yín, ìwé tirẹ̀ ni owó yín wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ìwé tiyín.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ọkọ̀ kan kọ lu ìdí Corolla yín. Iná ẹ̀yìn fọ́ sílẹ̀, búùtù tẹ̀ wọlé, kò ṣe é tì mọ́. Kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́, èrò ti pé. Ẹni tó kọ lù yín ti dọ̀bálẹ̀, ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì ń bá a bẹ̀bẹ̀: “Bọ̀dá, ẹ̀mí ò bá a lọ, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́.” Ẹni yẹn á fa ₦20,000 jáde, wọ́n á ní kí ẹ gbà á, kí ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe. Ẹ gbà á. Lọ́jọ́ kejì, panẹ́lì-bítà ní ₦180,000. Nínú gbogbo èrò yẹn, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó ní kí ọkùnrin náà mú ìwé íńṣọ́ránsì rẹ̀ wá.

Ìwé yẹn sì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó tà á wà lójú rẹ̀, nọ́mbà ìwé, nọ́mbà ọkọ̀, orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ẹ lè fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì pẹ̀lú níbi tí wọ́n wà kí ẹ tó sún wọn kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí panẹ́lì-bítà kọ iye tí àtúnṣe máa náni sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó wà lójú ìwé ẹni tó kọ lù yín, kí òun náà sì fi tó wọn létí.

Ìdí mìíràn wà tí ₦20,000 ojú pópó yẹn fi léwu, fún ẹni tó ń san án pàápàá. Ó wà nínú àdéhùn íńṣọ́ránsì pé ẹni tó rà á kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi, kò sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀, tó ní “èmi ni mo jẹ̀bi, màá tún un ṣe,” lè ti fi ẹnu ara rẹ̀ ba ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́. A lè bẹ ara wa láìdárúkọ owó. Ọmọlúàbí kò ní kí á má bẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé wọn kì í sanwó, mo máa ń bi í pé: ilé-iṣẹ́ wo lẹ kọ̀wé sí? Ìdákẹ́jẹ́ ni mo sábà máa ń gbà lésì. Ẹni tí kò bèèrè rí kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ń san án.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún ọkọ̀ tirẹ̀ náà ṣe, comprehensive ni kó rà. Èyí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀: ọkọ̀ ₦4 mílíọ̀nù, ó kéré tán ₦200,000. Èyí tó wà láàárín méjèèjì máa ń fi iná àti olè kún third party.

N kò sọ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń tètè sanwó. Àwọn kan máa ń fa ẹsẹ̀, èèyàn sì lè gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó wọn. Bí ọkọ̀ bá kàn fara họra, ó ṣeé ṣe kí wàhálà rẹ̀ ju owó rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ra íńṣọ́ránsì ọkọ̀ tara ẹni, tí ẹ wá ń fi ọkọ̀ náà ṣe kábúkábú láti Adó sí Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìwé yín nípa ohun tí ọkọ̀ wà fún. Ilé-iṣẹ́ lè dì í mú pé èrò tó sanwó kò sí nínú àdéhùn. Ẹ̀yin tí ẹ sì fún ẹnìkan lówó nídìí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ pé kó bá yín ra íńṣọ́ránsì, tí ẹ kò yẹ ohun tó mú wá wò, ẹ tẹ nọ́mbà ọkọ̀ yín sí askniid.org, ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ íńṣọ́ránsì ọkọ̀ wò. Tí kò bá jáde níbẹ̀, ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín kí ẹ tó tún gbé ọkọ̀ náà jáde.