Ẹ Má Wo Bọ́ọ̀lù, Lineker Ni Kí Ẹ Wò

Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá síbi tí mo ti ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù sábà máa ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ àwọn, tó mọ èèyàn-án gé dáadáa, kì í fi í rí góòlù gbá wọlé. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wo àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àtijọ́ tí Gary Lineker gbá fún England, kí wọ́n sì gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ Lineker sí atọ́kùn ètò bọ́ọ̀lù alẹ́ Sátidé lórí BBC, iṣẹ́ tó ṣe láti 1999 títí di 2025. Àwa tá a ti dàgbà díẹ̀ mọ̀ ọ́n sí atamátàsé. Góòlù 48 ló gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 80. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ jẹ́ ti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé: mẹ́fà ní Mexico lọ́dún 1986, tó fi gba bàtà wúrà, ẹ̀bùn ẹni tó gbá góòlù wọlé jù, àti mẹ́rin ní Italy lọ́dún 1990. Síbẹ̀, kò ní ẹsẹ̀ àrà. Kì í gé èèyàn mẹ́ta mẹ́rin kọjá, ó sì ṣọ̀wọ́n kó tó ti ọ̀nà jíjìn rọ òjò bọ́ọ̀lù sílé ẹnikẹ́ni. Ó lè sáré, ìyẹn ò ṣe é jiyàn. Àmọ́ àwọn tó lè sáré pọ̀ lórí pápá, góòlù wọn ò pọ̀ tó tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ England àti Poland, ní Monterrey ní Mexico, lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1986. Portugal ti na England ní 1-0, wọ́n sì ti gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Morocco. Bryan Robson, balógun wọn, ti fara pa. Wọ́n ti fún Ray Wilkins ní káàdì pupa. Bí wọ́n bá tún pàdánù, ilé yá nìyẹn. Lineker fúnra rẹ̀ ò tíì gbá góòlù kankan wọlé, ó sì di nǹkan mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ti ṣèṣe kí wọ́n tó dé Mexico.

Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, Gary Stevens ta bọ́ọ̀lù ilẹ̀ láti apá ọ̀tún wọ iwájú ilé, Lineker ti débẹ̀ ṣáájú àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, Steve Hodge gbé tirẹ̀ wá láti apá òsì. Lineker ò dúró gbà á mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ ló ṣe gbá a lu àwọ̀n. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 34, wọ́n gbá kọ́nà, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ aṣọ́lé Poland, ẹsẹ̀ Lineker ló sì bọ́ sí. Góòlù mẹ́ta kí wọ́n tó lọ sinmi, kò sì sí èyí tó jìnnà sí ẹnu ilé.

Wọ́n máa ń sọ pé oríire ni irú ẹ̀kẹta yẹn. N ò gbà. Bí kọ́nà bá wọlé, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù iwájú máa ń dúró kí wọ́n lè mọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Lineker ti pinnu ibi tó máa lọ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń gbá a. Bí ọlọ́kadà tó mọṣẹ́ ló rí: kì í dúró de kí èrò pe òun. Bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ló ń wò, ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣí sí ló sì ń páàkì sí. Bí bọ́ọ̀lù ò bá dé ibi tí Lineker sá lọ, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ó sáré. Á padà, á tún sá lọ. Ohun tó le jù láti kọ́ ọmọdé nìyí, torí pé èrè rẹ̀ kì í yá.

Bó ṣe ń sá a náà tún lọ́gbọ́n nínú. Ẹni tó ń ṣọ́ atamátàsé ní iṣẹ́ méjì: kó wo bọ́ọ̀lù, kó sì wo èèyàn. Lineker á rọra fà sẹ́yìn rẹ̀, síbi tí ojú onítọ̀hún ò dé. Gbàrà tí ẹni yẹn bá yíjú sí bọ́ọ̀lù, Lineker á gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí òpó tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù jù. Ìgbésẹ̀ kan péré ló fẹ́ fi ṣáájú. Bó bá ti rí i, kò sí ohun tí ẹni tó wà lẹ́yìn lè ṣe mọ́ àfi kó gbá a lẹ́sẹ̀, ìyẹn sì di pẹnárítì.

Àwa ọmọ Áfíríkà ò lè gbàgbé ìyẹn. Ní Naples lọ́dún 1990, Cameroon ti ń fi 2-1 lé England, ó ku díẹ̀ kí wọ́n di ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé Lineker ṣubú bó ṣe ń gba ẹ̀yìn wọn wọlé, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló fúnra rẹ̀ gbá pẹnárítì náà wọlé. Ó dùn wá wọra. Ṣùgbọ́n ìwà tí mò ń ṣàlàyé yìí ló fi jẹ wá níyà.

Nígbà tí England pàdé West Germany lẹ́yìn ìyẹn, Paul Parker gbé bọ́ọ̀lù gígùn kan wọlé ní ìṣẹ́jú 80, àwọn ẹlẹ́yìn Jámánì sì da ara wọn rú. Lineker fi itan gbé e kúrò láàárín wọn, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a kọjá aṣọ́lé sí igun kejì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Kò wá ọ̀nà àtiyí bọ́ọ̀lù padà sí i, torí kò sí àyè.

Leicester ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ sì ń ta èso àti ẹ̀fọ́ lọ́jà ìlú náà. Láti Leicester City ó lọ sí Everton, níbi tó ti gbá góòlù 40 wọlé ní sáà kan ṣoṣo, kó tó kọjá sí Barcelona. Ó gbá mẹ́ta wọlé Real Madrid níbẹ̀ lọ́dún 1987. Lẹ́yìn náà ni Johan Cruyff dé gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, tó ń fi í sí apá ọ̀tún. Mo bọ̀wọ̀ fún Cruyff gan-an, àmọ́ ìyẹn fi ẹ̀bùn ọkùnrin náà ṣòfò. Ó gba ife FA pẹ̀lú Tottenham lọ́dún 1991, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Nagoya, nílẹ̀ Japan. Jálẹ̀ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, rẹfirí kankan ò fi káàdì hàn án rí, ìbáà jẹ́ ìyeyè tàbí pupa.

Nínú ìdíje Yúróòpù ọdún 1992, England àti Sweden wà ní 1-1, England sì nílò góòlù. Graham Taylor, akọ́nimọ̀ọ́gbá England, yọ Lineker jáde, ó fi Alan Smith rọ́pò rẹ̀. Sweden ló wá gbá góòlù kejì wọlé. Lineker ò tún gbá bọ́ọ̀lù fún England mọ́, góòlù kan ló sì kù kó bá Bobby Charlton, ẹni tó gbá góòlù jù fún England nígbà náà, dọ́gba. Bọ́ọ̀lù kì í pọ̀ lẹ́sẹ̀ irú agbábọ́ọ̀lù yìí, yálà ọjọ́ tó gbá mẹ́ta wọlé tàbí ọjọ́ tí kò gbá nǹkan kan. Èmi ò ní yọ ọ́.