Bí sliding mode ṣe ń darí converter iná

Bátìrì mọ́tò ń gbé nǹkan bíi fóltì 12 jáde. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń sún mọ́ 14. Tí wọ́n bá ń sítáàtì rẹ̀, ó lè já wálẹ̀ gan-an. Fóònù kò bá wọn dá sí i, fóltì 5 ni tirẹ̀. Buck converter, ẹ̀rọ tó ń gbé fóltì wálẹ̀, ló ń là wọ́n. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni súíṣì, dáyóòdù (tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo), kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n ká) àti kapásítọ̀.

Títàn àti pípa nìkan ni súíṣì náà mọ̀. Bó bá tàn, iná á rọ́ wọ kọ́ìlì. Bó bá kú, kọ́ìlì á tú ohun tó kó jọ sílẹ̀ gba ọ̀nà dáyóòdù. Kapásítọ̀ ló ń mú kí iná tó jáde tòrò. Èyí tó le níbẹ̀ ni mímọ ìgbà tó yẹ kó tàn.

Sliding mode, ọ̀nà ìdarí tí àwọn onímọ̀ bíi Emelyanov àti Utkin ṣiṣẹ́ lé lórí ní Soviet Union àtijọ́, ń wo nǹkan méjì: bí fóltì tó ń jáde ṣe jìnnà sí 5 tó, àti bó ṣe ń yára lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Iná tó ń wọ kapásítọ̀ ló ń sọ ìkejì. Wọ́n á fi nọ́ńbà kan tí ẹnjiníà yàn ṣe ìlọ́po àkọ́kọ́, wọ́n á ro méjèèjì pọ̀. Bí iye náà bá fì sí ọ̀tún òdo, súíṣì á tàn. Bó bá fì sí òsì, á kú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo poro tó wà láàárín ebè méjì. Ebè yòówù kí omi bọ́ sí, inú poro ni yóò ṣàn sí, kó tó wá tọ poro dé ìsàlẹ̀ oko. Ibi tí iye yẹn ti jẹ́ òdo ni poro, fóltì 5 sì wà ní ìparí rẹ̀. Bí omi bá ti wọ poro, nọ́ńbà tí ẹnjiníà yàn ló ń pinnu bó ṣe máa yára tó, kì í ṣe bátìrì tàbí kọ́ìlì mọ́. Ibi tí ọ̀nà yìí ti dùn jù nìyẹn. Àmọ́ tí bátìrì bá já kọjá 5 sísàlẹ̀, ebè kan ti wó nìyẹn.

Nínú ìwé, súíṣì á máa tàn, á máa kú láìlóǹkà lórí poro. Lójú ayé, á gbóná jóná. Wọ́n á wá fẹ poro náà díẹ̀, kí súíṣì má yí padà àfi tí iye bá kọjá etí. Irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀ a máa jẹ irin nínú ẹ̀rọ mìíràn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ converter tẹ́lẹ̀ ni. Ìṣòro tó kù ni pé ìyára súíṣì á máa yí bí bátìrì ṣe ń yí, ariwo iná á sì ṣòro láti sẹ́.

Boost, tó ń gbé fóltì ga, tún lágídí ju èyí lọ: tí súíṣì rẹ̀ bá tàn, fóltì tó ń jáde á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ ná. Nítorí èyí, iná inú kọ́ìlì ni wọ́n sábà máa ń fi la poro níbẹ̀, kì í ṣe fóltì nìkan.