Ẹ̀yìn Káńtà Wa Ló Ti Wá: Oògùn àti Àwọn Olórin Ìlú Ọba

Bí wọ́n bá ní kí n kó àwọn oògùn tó ti pa gbajúmọ̀ olórin ní Ìlú Ọba jọ sójú kan, n kò ní wá a lọ sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń ta kokéènì. Ẹ̀yìn káńtà tèmi ni n ó kọ́kọ́ wò, kí n tó sọdá sí ilé ọtí tó wà ní òdìkejì títì. Apòògùn ni mí ní London. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ti gbé gìtá tàbí máìkì máa ń fara ti káńtà bi mí nípa ọ̀rọ̀ oògùn àti orin, igbó àti kokéènì ni wọ́n sì máa ń dárúkọ. Kò burú kí ojú wà lára ìyẹn. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ikú tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ohun tí òfin gbà láàyè ló fà á: èyí tí dókítà kọ, tí apòògùn sì kà sínú ìgò, àti ọtí tí wọ́n ń tà ní gbogbo ojúlé.

Ẹ wo Brian Epstein, mánẹ́jà tó gbé ẹgbẹ́ Beatles dé ibi tí wọ́n dé. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ẹni ọdún 32. Carbitral ló pa á, oògùn oorun ni. Ẹni tó wádìí ikú rẹ̀ ní kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Oògùn náà ti ń kóra jọ sí i lára díẹ̀díẹ̀. Jimi Hendrix, onígìtá ọmọ Amẹ́ríkà tí London sọ di olókìkí, kú níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1970 lẹ́yìn tó gbé oògùn oorun mìíràn mì, Vesparax, tí èébì sì dí i lọ́nà ọ̀fun.

Ti Keith Moon ló máa ń dùn mí jù, bóyá torí pé iṣẹ́ wa gan-an ló wà níbẹ̀. Òun ló ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ The Who, ọtí sì ti di bárakú fún un. Ó fẹ́ jáwọ́. Dókítà kọ Heminevrin fún un, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ nígbà tí ọ̀mùtí bá ṣíwọ́ ọtí, tó wá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò ó. Oògùn gidi ni, àmọ́ ilé ìwòsàn ló yẹ ẹ́, níbi tí nọ́ọ̀sì á ti máa ka hóró kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ aláìsàn. Hóró 100 ni wọ́n kó fún Moon lọ sílé. Wọ́n ní kó máa lo ẹyọ kan nígbà tí ọtí bá ń pè é, kó má kọjá mẹ́ta lójúmọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, ó kú nínú ilé tó ń gbé ní Mayfair. Hóró 32 ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Mẹ́fà péré ló ti yọ́, mẹ́fà náà sì ti tó pa á. 26 yòókù ṣì wà ní odidi. Bí irú ìwé oògùn bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú mi lónìí, fóònù ni n ó kọ́kọ́ gbé, n kò ní tíì fọwọ́ kan ìgò.

Bó ṣe ń pa ènìyàn rèé. Ọtí, oògùn oorun, heroin, kódíìnì: ọ̀nà tí kálukú wọn ń gbà wọ ọpọlọ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń tẹ apá ọpọlọ tó ń mú wa mí mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá da méjì pọ̀, ó lè ṣe é ju bí ìgbà tó lo kálukú lọ́tọ̀ lọ fíìfíì. Ohun kejì ni pé adùn àti oorun inú wọn tètè máa ń mọ́ ènìyàn lára, ẹni tó ń lo méjì tẹ́lẹ̀ á wá máa wá mẹ́rin. Ìwọ̀n tó ń dá èémí dúró kì í sún sókè bẹ́ẹ̀. Àyè àárín èyí tó máa mú un sùn àti èyí tó máa mú un sùn lọ pátápátá á máa dín kù, kò sì ní mọ̀. Àwọn oògùn oorun àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní barbiturate ló burú jù nínú èyí, ìdí nìyẹn tí a kò fi ń fún ẹni tí kò rí oorun sùn mọ́.

Báwo ni oògùn oorun ṣe wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ olórin? Aago ló fà á. Nígbà tí Beatles lọ ṣeré ní Hamburg, ní Jámánì, lọ́dún 1960, George Harrison kò tíì pé ọdún 18. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n ń fi kọrin lálẹ́, ó ń di mẹ́fà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ohun tó bá wọn gbé e ni Preludin, oògùn tí wọ́n ṣe fún àwọn tó sanra tí wọ́n fẹ́ jò. Kì í jẹ́ kí ebi pa ènìyàn, kì í sì í jẹ́ kó sùn. Òun àti amphetamine, ọmọ ìyá ni wọ́n: wọ́n máa ń ti àwọn èròjà tó ń ta ọpọlọ jí jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Agbára kankan kò sí nínú hóró náà fúnra rẹ̀. Owó oṣù tó ń bọ̀ ló ń jẹ́ kí ènìyàn ná lónìí. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí ojú kò pa dé, oògùn oorun ló kù.

Ní London, wọ́n tilẹ̀ po méjèèjì sínú hóró kan. Drinamyl ni orúkọ rẹ̀, amphetamine àti barbiturate lójú kan náà. Àwọn ìyàwó ilé tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì ni dókítà ń kọ ọ́ fún, àmọ́ àwọn ọmọ wọn ló ń gbé e lọ sí Soho, àdúgbò tí ilé ijó pọ̀ sí, tí wọ́n ń fi jó láti alẹ́ Sátidé mọ́jú. Ìjọba ṣe òfin lé e lórí ní 1964. Kò dá a dúró. Ní ìhà àríwá England, nígbà ijó soul àṣemọ́jú ọdún 1970 sókè ní Wigan àti àyíká rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àwa apòògùn ni wọ́n ń fọ́ lóru.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ìyá kan wá gba oògùn oorun rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. "Dókítà, ó ti tán." (Gbogbo wọn ló ń pè mí ní dókítà, mo ti ṣíwọ́ àtúnṣe.) Mo ní, "Mà, ó yẹ kó ṣì kù." Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó ní ọmọ òun tó ń ṣe DJ ló ń mú nínú rẹ̀, torí pé ìdájí ló ń wọlé, tí ojú rẹ̀ kì í sì í pa dé. Mo bi í pé kí lọmọ ń lò tí ojú rẹ̀ fi ń là bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀.

Òfin 1964 yẹn ni wọ́n fi mú Mick Jagger, olórin ẹgbẹ́ Rolling Stones. Ní oṣù kejì ọdún 1967, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé Keith Richards, onígìtá ẹgbẹ́ náà, ní Sussex. Hóró amphetamine mẹ́rin péré ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé Jagger lọ sílé ẹjọ́, èyí tí wọ́n rà ní Ítálì láìrú òfin ibẹ̀. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta fún un. Wọ́n fún Richards ní ọdún kan torí pé ó jẹ́ kí wọ́n mu igbó nínú ilé rẹ̀. Ìwé ìròyìn The Times, tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ti àwọn ọmọ ìta, bá wọn dá sí i. Kí oṣù keje tó parí, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti fagi lé ẹjọ́ Richards, ó sì ní kí Jagger máa lọ sílé bí kò bá tún ti lu òfin. Lójú tèmi, ẹjọ́ yẹn ba nǹkan jẹ́ síbi tí wọn kì í wò. Láti ìgbà náà, oògùn di ìjà láàárín àwọn ọ̀dọ́ àti ìjọba, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù sì rí i pé ariwo máa ń ta ọjà. Ta ló tún fẹ́ béèrè wákàtí mélòó ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́?

Ṣé oògùn ló wá mú orin wọn dùn ni? Ringo Starr, onílù Beatles, fúnra rẹ̀ ti sọ pé èyí tí àwọn bá ṣe nígbà tí ojú àwọn ti yí kì í dára. George Martin tó ń darí iṣẹ́ wọn ní sítúdíò, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ EMI tó wà níbẹ̀. Ti LSD, oògùn tó ń mú ènìyàn rí ohun tí kò sí, tún yàtọ̀. Syd Barrett ló dá Pink Floyd sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di 1968, kò lè bá wọn ṣeré mọ́. Peter Green, onígìtá, fi ẹgbẹ́ Fleetwood Mac sílẹ̀ ní 1970, àìsàn ọpọlọ sì bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí dókítà tó lè búra pé LSD nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹbí yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín sún mọ́ ọn.

Ti ecstasy, hóró tí wọ́n ń lò láti fi jó mọ́jú, òwò ló kọ́kọ́ dà rú. Haçienda, ilé ijó tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Factory Records àti owó ẹgbẹ́ New Order gbé dúró ní Manchester, kún fọ́fọ́ láti 1988. Àmọ́ omi làwọn tó lo ecstasy ń mu, wọn kì í ra bíà, bíà ló sì yẹ kó máa san owó ilé. Àwọn jàǹdùkú tó ń ta oògùn gba ẹnu ọ̀nà. Factory gbé ẹgbẹ́ Happy Mondays lọ sí Barbados láti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kí wọ́n lè jìnnà sí heroin. Crack, kokéènì tí wọ́n ń fà bí èéfín, ni wọ́n bá níbẹ̀. Factory kógbá sílé ní 1992, Haçienda ti ilẹ̀kùn ní 1997.

Amy Winehouse ni àwọn ọmọ yín mọ̀ dáadáa. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ti lo heroin àti crack rí. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2011, ẹni ọdún 27, kò sí oògùn olóró kankan nínú ara rẹ̀. Ọtí ni: mílígíráàmù 416 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ 80 ni òfin England gbà fún awakọ̀. Ó ti fi ọtí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí ènìyàn bá sinmi, ara rẹ̀ á gbàgbé, ìwọ̀n tó ń mu tẹ́lẹ̀ láìṣubú á wá di májèlé.

Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, ni àwọn àgbà Èkó á rántí. Ó wakọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ó bá Fela ṣeré, ó sì kọ́ sítúdíò ARC sí Ìkẹjà ní 1973. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń bá heroin jìjàkadì nígbà tó lọ ń gbin ólífì ní Ítálì, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà tó kú ní 2019. Ara máa ń rántí yàrá, ọ̀rẹ́ àti aago tó so mọ́ oògùn, òùngbẹ rẹ̀ á sì dé kí ọwọ́ tó kan nǹkan. Ìdí nìyẹn tí yíyí ibùgbé padà fi máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ orin níbí, ètò kan wà tó ń jẹ́ Music Minds Matter, tí wọ́n ń gbọ́ ti àwọn olórin tọ̀sán-tòru. Ẹ ti oògùn oorun yín mọ́ inú àpótí, ẹ dá èyí tẹ́ ẹ kò lò padà fún wa. Bẹ́ ẹ bá sì mọ ẹnì kan tó ń mutí lójoojúmọ́ tó fẹ́ jáwọ́, kó má dá a dúró lójijì láìrí dókítà, torí gìrì lè kì í.

Bẹ́ ẹ bá bá ẹnì kan lẹ́yìn òde tó ń hanrun bí ẹni tí nǹkan dí lọ́fun, tẹ́ ẹ pè é tí kò dáhùn, oorun kọ́ nìyẹn. Àwa aláwọ̀ dúdú, inú ètè àti èékánná ni kẹ́ ẹ wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ ti yí. Ẹ pe 999, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, John Bonham, onílù Led Zeppelin, mu vodka yó, àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n lọ sùn. Òkú rẹ̀ ni wọ́n bá, èébì ló fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó máa wo èémí rẹ̀ títí ọkọ̀ ìwòsàn fi máa dé, kó sì sọ òtítọ́ ohun tó lò fún àwọn tó bá wá. Bí páálí oògùn bá wà nílẹ̀, ẹ kó o lé wọn lọ́wọ́.