Doh kì í gbé ojú kan: bí ẹgbẹ́ akọrin ilé ẹ̀kọ́ girama ṣe ń ka orin

Bí ìpalẹ̀mọ́ orin Kérésìmesì bá ti bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama, pátákó ìkọ̀wé inú gbọ̀ngán kì í ṣófo mọ́. Lẹ́tà méje ni yóò kún un: d, r, m, f, s, l, t, ìyẹn doh, ray, me, fah, soh, lah, te. Ohùn yíyà sọ́tọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Olùkọ́ á ní kí oníkálukú kọrin gòkè títí ohùn á fi há a lọ́fun. Àwọn tí ohùn wọn ga jù á lọ sí tírẹ́bù, àwọn tó tẹ̀ lé wọn á lọ sí áltò, àwọn ọmọkùnrin tí ohùn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti àgbà á máa dán ténọ̀ àti báàsì wò títí wọn ó fi mọ ibi tó gbà wọ́n. Ìyẹn tán. Inú lẹ́tà méje yẹn ni ọgbọ́n wà.

Ìwà kan wà tó wọ́pọ̀, tó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹnìkan á tẹ ojú kíbọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ C, á ní, “Doh nìyí.” Ní Faransé àti Ítálì, òótọ́ ni: do ni orúkọ tí wọ́n ń pe C lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tonic sol-fa tí àwọn ọmọ wa ń kọ́, ìyẹn ètò kíka orin pẹ̀lú lẹ́tà méje yẹn, ọ̀tọ̀ ni. Lókè ìwé orin ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí: “Doh is G”, tàbí “Doh is E flat”. Bó bá jẹ́ pé C ni doh nígbà gbogbo, kí ni ìlà yẹn ń ṣe níbẹ̀?

Bàálé ni doh. Bàálé lè kó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta. Àdúgbò yí padà, òrùlé yí padà, ṣùgbọ́n ìyálé kò di ìyàwó kékeré lójú ọ̀nà, àbíkẹ́yìn kò sì di àkọ́bí. Bí yàrá ṣe jìnnà síra kò yí padà pẹ̀lú. Láti d sí r fẹ̀, r sí m fẹ̀, m sí f há. Láti f sí s, s sí l, l sí t, gbogbo rẹ̀ ló fẹ̀, àfi t sí d òkè tó tún há. Nítorí náà ni t kì í ṣe lè jókòó: ẹnu ọ̀nà yàrá bàálé ló dúró sí, etí gbogbo ènìyàn ló sì ń retí kí ó wọlé. Ẹ kọ d r m f s l t, kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ara ẹni tó bá gbọ́ kò ní balẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá fi d kún un.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú orin tí a ń kọ níbi ayẹyẹ ọjọ́ìbí: s s l s d t. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí a ó ti gbé e. Ìyá àgbà á gbé e nísàlẹ̀, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á gbé e lókè, orin kan náà ni. Lórí dùùrù, bí doh bá jẹ́ C, ojú funfun nìkan ni ọwọ́ á tẹ̀ nínú ìlà yìí. Bí ó bá jẹ́ G, dúdú kan á wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń fi ìka kọ́ orin á ní láti tún ìka tò. Ẹni tó ń ka lẹ́tà kò ní tún nǹkan kan tò.

Ibi tó dùn jù lọ ni ìgbà tí orin bá ṣílé láàárín, tí doh kó lọ sórí ohùn mìíràn. Ohùn kan ṣoṣo á gba lẹ́tà méjì: s kékeré lókè, d ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn tó ń jẹ́ s nílé àtijọ́ ti di d nílé tuntun. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní “ọmọ wa” láàárọ̀ lágbo ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní “ìyàwó wa” nírọ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ara kò yàtọ̀, ohùn kò yàtọ̀, àwọn tó yí i ká ló yàtọ̀: ẹni tó ń kí i tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n ti di àna, ibi tó ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀ ti di ibi tó ń bẹ̀ wò. Akọrin tó bá gbé orúkọ àtijọ́ dé ilé tuntun á ṣi gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e kọ. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ á ní kí wọ́n dúró lórí ohùn yẹn, kí wọ́n pè é ní s, kí wọ́n mí, kí wọ́n wá pè é ní d láì yí ohùn padà rárá. Bí wọ́n bá ṣe é ní ìgbà mẹ́ta, ilẹ̀kùn á ṣí.

Sarah Glover, olùkọ́ kan ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló pilẹ̀ ètò yìí, àlùfáà John Curwen (1816–1880) sì tún un ṣe kí àwọn ọmọ Sunday school àti òṣìṣẹ́ tí kò lówó ẹ̀kọ́ dùùrù lè máa ka orin. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e dé Áfíríkà. Ó sì pẹ́ níbí nítorí pé lẹ́tà lásán ni: ẹfun tó o, ẹ̀rọ táípù tó o, lónìí orin olóhùn mẹ́rin lè gba orí WhatsApp bí iṣẹ́ tí a ń jẹ́ fún ẹbí. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ lè kọrin ọdún mẹ́fà kí ó má lè ka ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ àmì orin sí (staff), bẹ́ẹ̀ ìlà márùn-ún yẹn ló máa bá pàdé nínú ìdánwò Music ti WAEC. Kò yẹ kí a fi ọ̀kan pa èkejì.

Ohun tó dun ni nínú ọ̀rọ̀ “C ni doh” ni pé ọmọ Yorùbá ti mọ doh tó ń ṣí kiri kí ó tó dé kíláàsì orin. Nínú kíláàsì èdè Yorùbá, dò re mí ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní àmì ohùn: Ìbàdàn, dò dò dò, Ọ̀yọ́, dò mí, Abẹ́òkúta, re mí dò mí re. Mí bàbá àgbà lè wà nísàlẹ̀ dò ọmọ ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ṣi Ọ̀yọ́ gbọ́ lẹ́nu ìkankan nínú wọn. Etí ń fi ohùn wọn ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí Curwen fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó kù tí olùkọ́ níláti fi kún un ni pé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àlàfo dò sí re kò ní òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń bínú á fẹ̀ ẹ́, ẹni tó rẹ̀ á sún un pọ̀. Nínú orin, òṣùwọ̀n wà, kò sì gbọdọ̀ yẹ̀.

Bí orin bá wá jẹ́ ti Yorùbá, dò re mí ti ọ̀rọ̀ àti d r m ti orin á dojú kọ ara wọn. Ẹ mú “ọkọ̀ wa dé”. Bí orin bá gòkè lórí kọ̀, ọkọ́ ìroko ni etí á gbọ́. Bí ó bá dúró lójú kan, ọkọ ìyàwó ló dé. T. K. Ekundayo Phillips (1884–1969), tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó láti 1914 títí di 1962, kọ ìwé sórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì dúró lórí rẹ̀ pé orin gbọdọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Fela Sowande, gbajúmọ̀ olùṣẹ̀dá orin, wà lára àwọn ọmọ tó kọrin lábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tírẹ́bù nìkan ni òfin yìí rọrùn fún. Áltò lè máa tún ohùn kan náà pè nígbà tí tírẹ́bù ń gòkè, báàsì á sì máa sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà á wá ní ìtumọ̀ mẹ́ta nínú gbọ̀ngán kan ṣoṣo. Àwọn ará Èkìtì ti rí ọ̀nà kan gbà tipẹ́: ohùn kejì á máa tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú àlàfo lẹ́tà kan láàárín, bí d bá lọ sí r, m á lọ sí f, tí gbogbo wọn á jọ gòkè, tí wọ́n á sì jọ sọ̀ kalẹ̀. Lílé àti ègbè ni ọ̀nà kejì: ẹnìkan á gbé ọ̀rọ̀ tó nípọn, agbo á fi ọ̀rọ̀ kúkúrú gbè é. Níbi tí méjèèjì kò bá ti ṣeé ṣe, olùkọ́ á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu báàsì pátápátá, á ní kí wọ́n máa kùn “mm” lórí d, kí tírẹ́bù nìkan gbé “ọkọ̀ wa dé” lọ bá àwọn òbí tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngán.