Bí a ṣe ń rẹ àga ọkọ̀ eré ìje sílẹ̀ kí àṣíborí lè ráyè

Òrùlé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré ìje tí wọ́n ṣe fún ojú títì rẹlẹ̀ gan-an, orí tí kò dé nǹkan kan ni àwọn tó ṣe é sì fi wọn ààyè inú rẹ̀. Awakọ̀ tó ga lè máa wà á kiri lójoojúmọ́ láìní ìṣòro. Ọjọ́ tó bá dé àṣíborí láti lọ sáré ní pápá ìje ló máa mọ̀ pé òrùlé ti sún mọ́ òun jù. Àṣíborí ìwakọ̀ sábà máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 kún gíga orí, nítorí ìkarahun líle tó wà lókè àti fóòmù tó nípọn lábẹ́ rẹ̀, èyí tó ń gba agbára ìkọlù kó tó dé agbárí. Nínú gbogbo ohun tó wà láàárín ilẹ̀ ọkọ̀ àti òrùlé, àṣíborí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé ohunkóhun kúrò lára rẹ̀. Abẹ́ ìdí awakọ̀ ni a ó ti wá ààyè yẹn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì kọjá pé ara kò rọ awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá yí dànù, ara awakọ̀ máa ń lọ sókè sí òrùlé. Bẹ́líìtì á nà díẹ̀, fóòmù àga tí ìwúwo ara ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ á tún wú, òrùlé fúnra rẹ̀ sì lè wó wálẹ̀. Bí àṣíborí bá ti ń kan òrùlé kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, ọrùn ni agbára náà máa gbà kọjá sínú egungun ẹ̀yìn. Ọgbọ́n tí àwọn kan ń dá, pé kí wọ́n fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kí wọ́n tẹ̀ ba, ló burú jù, torí ọrùn tó ti tẹ̀ kò lè gba ẹrù tí ọrùn tó nà lè gbà.

Nítorí náà, wíwọ̀n ló ṣáájú iṣẹ́. Awakọ̀ á wọ aṣọ àti bàtà tó máa fi wakọ̀, á dé àṣíborí, á di bẹ́líìtì le bó ṣe máa dì í ní pápá, á sì fi ẹ̀yìn ti àga dáadáa. Ẹlòmíràn ló máa wọ̀n ọ́n láti ìta. Ìlànà SCCA, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣètò eré ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ pé orí irin ààbò tó wà lẹ́yìn awakọ̀, ìyẹn irin tó tẹ̀ bí ọrun tó ń dáàbò bo orí bí ọkọ̀ bá yí dànù, gbọ́dọ̀ ga ju orí àṣíborí lọ ní ó kéré tán íǹṣì 2, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 5. Nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé líle, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìwakọ̀ ní pápá máa ń gbé igi gígùn kan sórí irin ààbò ẹ̀yìn, wọ́n á na orí rẹ̀ kejì sórí férémù gíláàsì iwájú, wọ́n á sì wò ó bóyá àṣíborí wà lábẹ́ igi náà. Igi lásán ni, ṣùgbọ́n ó ń fi hàn lójú ẹsẹ̀ ohun tó máa kan ilẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé.

Ohun tó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ni pé ìbàdí ni ó ń gbé kiri. Ibi tí ìbàdí bá wà ló ń pinnu ibi tí orí, ojú, apá àti ẹsẹ̀ máa wà, òun náà ló sì ń pinnu bí bẹ́líìtì ṣe máa gba ara mú. Kí ìbàdí sọ̀ kalẹ̀, kó sì sún sẹ́yìn díẹ̀, ni à ń wá.

Ibi tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ. Bí àga bá ní ìdè tó ń gbé e sókè sódò, a ó rẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni ká dẹ ẹ̀yìn àga sẹ́yìn díẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní láti ìbàdí dé èjìká jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. Bí ẹ̀yìn àga bá kúrò ní dígíríì 20 sí òòró gangan lọ sí 25, èjìká á sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2. Ṣùgbọ́n á tún sún sẹ́yìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, èyí sì ni pé ọwọ́ ti jìnnà sí sítíárì nìyẹn. Ẹni tí sítíárì ọkọ̀ rẹ̀ lè fà sún mọ́ ọn ló máa gbádùn ọ̀nà yìí. Ẹni tí tirẹ̀ kò lè sún á tún fa àga síwájú, orúnkún á wá lọ há sábẹ́ sítíárì. Bí awakọ̀ bá fẹ̀yìn ti àga tó na apá sórí sítíárì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó bà lé òkè sítíárì láìjẹ́ pé èjìká kúrò lára àga. Bí ìka nìkan ló bá dé ibẹ̀, a ti dẹ àga jù.

Ọ̀nà kejì kéré lójú, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ pọ̀ ju ìnáwó rẹ̀ lọ: ká rẹ ẹ̀yìn àga nìkan sílẹ̀, ká fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Bóòtì mẹ́rin ló sábà máa ń di àga mọ́lẹ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 40 ló wà láàárín tiwájú àti tẹ̀yìn. Bí a bá yọ irin ìtìlẹ́yìn tó wà lábẹ́ méjèèjì tẹ̀yìn, tí ibẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, gbogbo àga á dẹ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bíi dígíríì 3. Ìbàdí, tó wà nítòsí ẹ̀yìn àga, á sọ̀ kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀. Dídẹ̀ ẹ̀yìn àga á tún fi èyí tó lé ní sẹ̀ǹtímítà kan kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3, bẹ́ẹ̀ 2 péré la yọ. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: itan gbé sókè díẹ̀ níwájú, èyí kò sì ní jẹ́ kí ara yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àga á lọ́, kò sì ní sún dáadáa lórí réèlì rẹ̀ mọ́.

Fóòmù ló tẹ̀ lé e. Láàárín àwọn tó ní Mazda MX-5, ọkọ̀ kékeré tó jáde ní 1989 tí àwọn tó ga sì fẹ́ràn láìka bó ṣe há sí, gígé fóòmù àga ti di iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. A ó tú àga jáde, a ó já àwọn òrùka irin kéékèèké tó di aṣọ mọ́ fóòmù, a ó sì fi ọ̀bẹ eléyín gígùn gé ibi tí egungun ìjókòó ń bà lé. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti iwájú àga ni a kì í fọwọ́ kàn, torí àwọn ni wọn kì í jẹ́ kí ara yọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń retí pé bí àwọn bá gé sẹ̀ǹtímítà 4, orí àwọn á sọ̀ kalẹ̀ ní 4. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Fóòmù tó rọ̀ ti fún tẹ́lẹ̀ lábẹ́ ìwúwo ara. Bí 4 yẹn bá ti di 2 nígbà tí awakọ̀ jókòó, 2 náà ni gígé rẹ̀ máa mú wá. Ọ̀nà tó dára ni ká gé èyí tó rọ̀, ká wá fi fóòmù tínrín tó le rọ́pò rẹ̀. Fóòmù líle yìí wúlò fún ààbò pẹ̀lú: lórí fóòmù tó nípọn tó sì rọ̀, ara á kọ́kọ́ rì, agbára á kó jọ, ìdí á wá lọ kọlu irin ìsàlẹ̀ lójijì, egungun ẹ̀yìn ló sì máa san gbèsè rẹ̀. Àga àwọn ọkọ̀ Formula 1, tí wọ́n ń ṣe mọ́ ara awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní fóòmù rírọ̀ kankan.

Kí ọ̀bẹ tó kan fóòmù, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wáyà tó ń mú àga gbóná lè wà níbẹ̀. Lábẹ́ àga, wáyà aláwọ̀ ìyeyè lè wà, wáyà àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde láti ẹ̀gbẹ́ àga sì nìyẹn, tàbí ti ohun tó ń fa bẹ́líìtì le nígbà ìkọlù. Bátìrì ni a kọ́kọ́ ń tú, a ó sì dúró fún iye ìṣẹ́jú tí ìwé ọkọ̀ náà sọ kí a tó fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. A kì í wọn wọ́n wò bóyá iná wà nínú wọn, a kì í sì í fi wáyà mìíràn so wọ́n pọ̀ kí iná ìkìlọ̀ lè kú. Iná ìkìlọ̀ tó kú lọ́nà yẹn ń purọ́ fún ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lọ́la.

Bí gbogbo èyí kò bá tó, réèlì àti àga fúnra wọn ló kù. Àga ìje tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dẹ̀ ló ń mú ààyè wá jù. Ìkarahun rẹ̀ tínrín, fóòmù rẹ̀ kéré, a sì lè fi irin dì í mú láti ẹ̀gbẹ́, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀. Bí a bá di í láti ìsàlẹ̀ tàbí tí a gbé e lé réèlì, a ti sọ díẹ̀ nù nínú ohun tí a rà á fún. Ẹni tó bá jẹ́ òun nìkan ló ń wa ọkọ̀ náà lè yọ réèlì kúrò pátápátá, kó sì di àga mọ́ ibi kan ṣoṣo tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu.

Ibí yìí ni àṣìṣe ti léwu jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ara férémù àga ni ibi tí bẹ́líìtì ń kọ́ sí wà, nítorí náà bóòtì àga ló ń gba ìwúwo awakọ̀ nígbà ìkọlù. Irin ìdábùú tó wà lábẹ́ àga sì wà lára ohun tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ìkọlù láti ẹ̀gbẹ́. Gígé e kí àga lè sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 jẹ́ pàṣípààrọ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà. Ìlànà tí FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ṣe fún ọkọ̀ ìje béèrè pé kí irin tó di àga mú nípọn tó mìlímítà 3, tàbí 5 bó bá jẹ́ irin fúyẹ́, kí bóòtì tó mìlímítà 8, kí pátákó irin sì wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí bóòtì bá ti gba jáde. Páànù ilẹ̀ ọkọ̀ nìkan kò lágbára, bóòtì á fà á ya. Ọjọ́ orí àga náà ṣe pàtàkì: èyí tó bá ìlànà FIA 8855-1999 mu, ọdún 5 ni wọ́n fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, èyí tó bá 8862-2009 mu sì ní ọdún 10.

Nígbà tí àga bá ti sọ̀ kalẹ̀, gbogbo nǹkan mìíràn ti yí ipò padà. Bẹ́líìtì ìtan gbọ́dọ̀ wà lórí egungun ìbàdí, kì í ṣe lórí ikùn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́líìtì ìje ni, FIA sọ pé okùn èjìká kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju dígíríì 45 lọ lẹ́yìn àga, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kó má kọjá 10. Okùn tó bá lọ sílẹ̀ jù á máa tẹ èjìká mọ́lẹ̀, á sì fún egungun ẹ̀yìn pọ̀. Rírẹ àga sílẹ̀ sábà máa ń tún èyí ṣe, torí èjìká ti sún mọ́ gíga ibi tí okùn ti wá. Bẹ́líìtì ìje, àga tí kì í dẹ̀ àti irin ààbò jọ ń rìn ni. Ẹni tó ra méjì àkọ́kọ́ láìní ẹ̀kẹta ti de ara rẹ̀ ní òòró sábẹ́ òrùlé tó lè wó. Irin ààbò tí orí lè kàn náà sì gbọ́dọ̀ ní ìbòrí líle irú èyí tí ìlànà ààbò SFI 45.1 ti Amẹ́ríkà tàbí FIA 8857-2001 fọwọ́ sí. Ojú ńkọ́? Bí awakọ̀ bá ti ń wo ọ̀nà láàárín ihò sítíárì, ó ti lọ sílẹ̀ jù.

Nígbà mìíràn, kò sí ibi tí ìdí lè lọ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dan Gurney nìyẹn. Awakọ̀ ará Amẹ́ríkà yìí ga ju bí ọkọ̀ Ford tó fẹ́ fi sáré ní Le Mans, ìje wákàtí mẹ́rìnlélógún ní ilẹ̀ Faransé, ṣe lè gbà á lọ, àṣíborí rẹ̀ kò sì ráyè. Wọ́n gbé ibi kan sókè lórí òrùlé, ní ọ̀gangan orí rẹ̀. Òun àti A. J. Foyt ló wa ọkọ̀ náà gba ipò kìíní ní 1967. Dodge náà ṣe irú rẹ̀ sí òrùlé Viper GTS ní 1996, ibi méjì ló sì wú sókè níbẹ̀, ọ̀kan fún awakọ̀, èkejì fún ẹni tó jókòó tì í.

Ẹni tó jókòó tì í yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwakọ̀ pápá máa ń ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àṣíborí sì wà lórí olùkọ́ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í gbà kí ààbò olùkọ́ kéré sí ti awakọ̀. Àga kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ láti ṣiṣẹ́ lé lórí, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, abẹ́ fóòmù rẹ̀ ni ohun tó ń mọ̀ bóyá ènìyàn jókòó síbẹ̀ wà, àpò afẹ́fẹ́ sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bóòtì ẹ̀yìn tí a rẹ̀ sílẹ̀ àti ẹ̀yìn àga tí a dẹ̀ ni ká gbára lé níbẹ̀, bí wọn kò bá sì tó, olùkọ́ tó kúrú ni ká béèrè fún.