Ìmọ́lẹ̀ tó yọ lẹ́yìn bàbà

Bí NEPA bá mú iná lọ lálẹ́ òní, ẹ wá hóró ṣúgà St. Louis kan, ẹ jókòó sínú òkùnkùn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí á fi mọ́ yín lójú, kí ẹ wá fi ẹ̀mú fọ́ ọ. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan á ṣẹ́ fìrí, á sì kú. Francis Bacon ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1620 pé ṣúgà máa ń tàn bí wọ́n bá ń ha á lókùnkùn. Ibi tí hóró náà ti là, iná ló ta láàárín apá méjèèjì, bí mànàmáná ṣe ń kọ láàárín ìkùukùu.

Irin ńkọ́? Ẹ bi oníwáyà àdúgbò yín, á ní kò ṣeé ṣe. Nínú irin, electron, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín tó ń gbé iná kiri, ń rìn fàlàlà. Kí iná tó kó jọ síbì kan, wọ́n á ti sáré pín in ká. Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀ bàbà, fàdákà, wúrà àti platinum máa ń tàn bí ìnira bá dé bá wọn, ìyẹn bí nǹkan bá ń tì wọ́n tàbí tó ń fà wọ́n. Àwọn onímọ̀ ní Ilé Ìwádìí Ioffe ní St. Petersburg, ní Rọ́ṣíà, ti ṣiṣẹ́ gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á yin lésà, ìmọ́lẹ̀ líle tó ń lọ tààrà, lu ojú kan lára abala bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á sì dojú ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ kọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn? Iwájú ti gbóná, ó ń tàn yòò. Ta ló máa mọ èwo ni ti ooru, èwo ni ti ìnira? Lésà kò lè la bàbà kọjá. Ooru á dé ẹ̀yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ti rọ̀ kó tó débẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin kì í pọ́n lójú wa àfi tó bá gbóná tó nǹkan bí 525°C. Ìnira ní tirẹ̀, ìró ló ń bá rìn: nǹkan bí 4,700 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú bàbà.

Ibi tó gbóná fẹ́ wú, ibi tó tutù kò gbà fún un, ni irin bá ń yẹ̀ nínú. Ẹ wo okùn ṣòkòtò. Bí aṣọ bá ṣùpọ̀ lójú okùn, ẹ kì í fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan; ìṣùpọ̀ yẹn lẹ máa ń tì díẹ̀díẹ̀ yí ìdí ká. Bí ìlà átọ́ọ̀mù, àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di irin, ṣe ń yẹ̀ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Taylor, Orowan àti Polanyi, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1934, kálukú lọ́tọ̀. Bí ìṣùpọ̀ náà bá rìn dé ojú irin, ó tán síbẹ̀, ó sì tú agbára tó gbé dání sílẹ̀. Agbára yẹn á ti electron kan kúrò láyè rẹ̀. Bí òmíràn bá bọ́ sí àyè tó ṣófo, ìmọ́lẹ̀ yọ. Àlàyé tí wọ́n ṣe nìyẹn, èmi náà sì fara mọ́ ọn.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kéré púpọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yọ̀. Àṣé lésà fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ gba etí abala bàbà, tó ń lu orí bóòtì kan tó ń dán, tó sì ń ta bọ́ sínú ẹ̀rọ. Mo fi páálí dúdú dí etí náà, ìmọ́lẹ̀ mi bá kú.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá a lè fi èyí mọ irin tó fẹ́ ṣẹ́. Kò tíì débẹ̀. Ẹni tó ń yẹ afárá tàbí ọ̀pá epo wò, ẹ jẹ́ kó ṣì máa lo ẹ̀rọ tó ń fi ìró yẹ inú irin wò.

Bóòtì yẹn ni mo máa ń rántí bí mo bá rí àwọn tó ń fi lésà họ ìpẹta tàbí kọ orúkọ sára irin. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn, 1064 nánómítà ni gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ojú kì í rí i, nítorí náà kì í ṣẹ́jú fún un. Inú ẹyinjú lọ́hùn-ún ló ń jó, ó sì lè má dun èèyàn rárá. Gíláàsì òòrùn kò ràn án. Kí ẹ tó sanwó fún gíláàsì iṣẹ́, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: bí kò bá kó 1064 mọ́ ọn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.